Ẹni Tó Dúró fún Ẹran Rẹ̀

Bí o bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran láàárọ̀, tí o mú ègé ẹran kan dání, tí o sì bi ìyá tó ń tà á pé, "Ìyá, níbo ni màlúù yìí ti wá?" yóò kọ́kọ́ wojú rẹ bóyá orí rẹ pé. Lẹ́yìn náà ni yóò dáhùn pé, "Òkè Ọya ni, ọmọ mi." Òkè Ọya yẹn sì fẹ̀ o! Láti etí odò Ọya títí dé ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí, kí a tún wọ orílẹ̀-èdè Niger àti Chad lọ, Òkè Ọya ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá ẹlẹ́ran. Bí o bá tún tẹ̀ síwájú pé ta ló sìn ín, abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un, ìgbà wo ló ṣàìsàn kẹ́yìn, á ní, "Ṣé ẹran lo fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lo fẹ́ fẹ́, tí o ń wádìí ìdílé?"

Ẹ̀bi ìyá kọ́. Ohun tí wọn kò sọ fún un ni kò lè sọ fún ọ. Alápatà tó já ẹran fún un kò mọ̀. Alágbàtà tó ta odindi màlúù fún alápatà lè mọ ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e dé, ṣùgbọ́n kò mọ agbo tó ti jáde. Bí ẹran ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nígbà tí yóò sì fi dé inú ìkòkò wa, ẹran nìkan ló kù.

Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíì ni àwọn àgbà wí. Àwọn kan wà láyé lónìí tí wọ́n ti gbà kí a máa wádìí ìdílé ẹran lọ́wọ́ wọn. Wọn kò bínú, wọn kò rojú, wọ́n tilẹ̀ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí a tó béèrè. Àwọn ni a fẹ́ fi ojú ewé yìí kí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a ó kí ni àwọn àgbẹ̀ tó ń sin adìẹ ní Auvergne, ẹkùn olókè kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn òkè tó ti yọ iná rí nígbà láéláé wà káàkiri. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Carrefour, tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì jákèjádò ilẹ̀ náà, kéde pé òun ti gbé ìtàn adìẹ Auvergne òun sórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà kan tí a ó ṣàlàyé níwájú. Nínú àwọn oní-súpámákẹ́ẹ̀tì Yúróòpù, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún oúnjẹ. Kì í sì í ṣe adìẹ mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n fi dán an wò: nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú adìẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe rí lójú ẹni tó lọ ra ọjà. Adìẹ wà nínú fíríìjì, wọ́n ti hú ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá wé e. Lára bébà tó wà lórí ọ̀rá náà ni àmì QR code wà, onígun mẹ́rin, tó rí bí ìgbà tí ènìyàn da èérún dúdú sórí àwo funfun. Oníbàárà yọ fóònù, ó ya àmì náà, ojú ewé kan sì ṣí. Orúkọ àgbẹ̀ tó sin adìẹ yẹn wà níbẹ̀, àti ibi tí oko rẹ̀ wà. Bí wọ́n ṣe sìn ín wà níbẹ̀: adìẹ tó ń jáde na ẹsẹ̀ lórí pápá ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n há mọ́lé láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ohun tó jẹ, ọkà tí wọ́n gbìn nílẹ̀ Faransé àti sóyà, wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ oògùn ṣe jẹ́ wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dúńbú rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí oníbàárà tó gbé adìẹ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ti mọ ilé tó ti wá.

Lẹ́yìn adìẹ, wọ́n tún kó ẹyin, wàrà àti wàràkàṣì wọ inú ètò náà. Nígbà tó di ọdún 2019, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí ní Carrefour sọ fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters pé ó ti mú kí títà àwọn ọjà kan gbéra sí i. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó bá ṣí ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ kí a wo inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ la máa ń ti ra ọbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni dídúró fún ènìyàn jẹ́ ní ọjà ẹran tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, onímọ̀ nípa ìgbé ayé àwùjọ kan tó ń jẹ́ Abner Cohen wá gbé láàárín àwọn Hausa ní Sábó Ìbàdàn, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó jáde ní 1969. Àwọn oníṣòwò tó ń kó màlúù wá láti Òkè Ọya, ilé máígídá, ìyẹn onílé tó ń gbà wọ́n lálejò, ni wọ́n ń wọ̀ sí. Àwọn alápatà Ìbàdàn kì í sanwó lójú ẹsẹ̀, àwìn ni wọ́n ń rà. Oníṣòwò kò mọ alápatà, alápatà kò mọ oníṣòwò, máígídá ló mọ àwọn méjèèjì, òun ló sì dúró láàárín wọn. Bí alápatà bá kùnà láti san gbèsè, máígídá ni yóò san án. Onídùúró ni. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo òwò náà gbára lé, láìsí báǹkì, láìsí lọ́yà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: owó màlúù ni máígídá dúró fún, kì í ṣe màlúù fúnra rẹ̀. Bó ṣe rí títí dòní nìyẹn. Ní ọjà wa, owó ní onídùúró, ẹran kò ní. Bí owó bá sọnù, a mọ ẹni tí a ó fà lẹ́wù. Bí ẹran bá dá inú rírun sílẹ̀ fún odindi agboolé, kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Ibi tí àwọn tí a ń kí yìí ti tayọ nìyẹn. Wọ́n dúró fún ẹran.

Kí wá ni blockchain tí wọ́n fi ń dúró? Ẹ jẹ́ ká fi ìwé àjọ wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé alájọ nìkan ló ní ìwé, ó lè jí lóru ọjọ́ kan kó sọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí o dá di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ àti ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ni yóò sì kù. Ìdí nìyẹn tí o fi ní káàdì tìrẹ lọ́wọ́. Blockchain gbé ọ̀rọ̀ káàdì yìí lọ jìnnà sí i: gbogbo ará àjọ ló ní odindi ìwé náà, ìwé gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ọ̀kan wà ní odò ẹran, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tó fi ọkọ̀ gbé e, ọ̀kan wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀gá kan tí yóò kó ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà ti ń rí òǹtẹ̀ náà fà yọ, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, tó sábà máa ń jẹ́ 64. Bí o bá yí àmì kan ṣoṣo padà, tí o sọ 8 di 9, òǹtẹ̀ yóò yí padà pátápátá. Ọgbọ́n tó wá wà níbẹ̀ ni pé òǹtẹ̀ ojú ewé àná ni wọ́n ń kọ sórí ojú ewé òní, tòní yóò sì wà lórí tọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ irọ́ wọ inú ojú ewé ọdún tó kọjá ní láti tún gbogbo ojú ewé tó tẹ̀ lé e kọ, nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àjọ, kí ẹnikẹ́ni tó ta jí. Iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, òótọ́ rọrùn jù ú lọ.

Stuart Haber àti Scott Stornetta ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe owó tàbí ẹran ló wà lọ́kàn wọn. Ní ọdún 1991, ohun tó ń jẹ wọ́n lógún ni bí ènìyàn ṣe lè fi hàn pé ìwé báyìí ti wà ní ọjọ́ báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Láti ọdún 1995, wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ àkọsílẹ̀ wọn sínú ìwé ìròyìn New York Times lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárín àwọn ìkéde kéékèèké, kí gbogbo ayé lè jẹ́rìí. Ta ni yóò lọ máa gba ìwé ìròyìn padà láti ilé dé ilé? Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, Surety ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ bá wa túmọ̀ orúkọ yẹn sí èdè wa, Onídùúró ni. Nígbà tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto sì gbé ìwé tó ṣàlàyé Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà tó sọ blockchain di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, iṣẹ́ mẹ́jọ péré ló tọ́ka sí, mẹ́ta nínú wọn sì ni Haber àti Stornetta lọ́wọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Bitcoin nítorí owó, díẹ̀ ló mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ló ti ṣẹ̀ wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè pé kí ni wọ́n ń fi gbogbo wàhálà yìí ṣe, kó bi àwọn ará Ìlú Ọba. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1996, ìjọba wọn jáde sọ pé ó ṣeé ṣe kí àrùn wèrè màlúù ti máa ran ènìyàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran màlúù wọn. Màlúù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n pa dànù kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Àgbẹ̀ tí màlúù tirẹ̀ mọ́ kò rí ohun tí yóò fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó lárùn. Nínú oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ màlúù ní páásípọ́ọ̀tù. A kò ṣàwàdà: páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Màlúù ti ní tirẹ̀ ní Ìlú Ọba, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ṣì ń tò fún tiwa.

Ìyẹn kò tíì tó. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Ireland kéde àbájáde àyẹ̀wò kan. Nínú irú bọ́gà màlúù 27 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n bá ẹṣin nínú 10. Nínú ọ̀kan, ìpín 29 nínú ọgọ́rùn-ún ẹran tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ ẹṣin. Ariwo ta. Wọ́n tún bá ẹṣin nínú oúnjẹ mìíràn tí wọ́n ń tà ní dídì, wọ́n sì tọpa ẹran ọ̀kan nínú wọn dé ìdí. Romania ni wọ́n ti pa ẹṣin náà. Oníṣòwò ará Netherlands kan, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Cyprus, ló rà á. Ó tà á fún ilé-iṣẹ́ ẹran kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló gbà dé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ní Luxembourg, kó tó wá balẹ̀ sínú fíríìjì ní Ìlú Ọba. Ẹ wá fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: àwọn ará Romania kò parọ́. Ẹṣin ni wọ́n pa, ẹṣin ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀. Àárín ọ̀nà ni ẹṣin ti di màlúù. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ ẹṣin ti jẹ ẹ́ ná.

Irọ́ àárín ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé tí gbogbo ará àjọ jọ ní ń dí lọ́nà. Bí odò ẹran ìbẹ̀rẹ̀ bá ti kọ "ẹṣin", tí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ ẹni ìkẹyìn bí ó ṣe wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, kò sí ọwọ́ àárín tó lè fi gègé kan ṣoṣo sọ ọ́ di màlúù.

A kò ní jẹ́ kí oríyìn yìí mọ sí Auvergne nìkan. Ní ọdún 2016, Walmart àti IBM bá àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Tsinghua ní Beijing dòwò pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní Ṣáínà lórí blockchain. Ní Amẹ́ríkà, Frank Yiannas, tó jẹ́ ọ̀gá ààbò oúnjẹ ní Walmart nígbà náà, gbé máńgòrò gígé síwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá oko tó ti wá. Ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n fi wá a. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà sórí blockchain, ìṣẹ́jú-àáyá 2.2 ló gbà. Máńgòrò kì í ṣe ẹran, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ní májèlé, ohun tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹ̀mí ènìyàn ni. Oko kan ni a ó tì pa, kì í ṣe pé kí a máa da ti gbogbo ìlú sí ààtàn.

Ní oṣù keje ọdún 2018, àjọ Food Standards Agency ti Ìlú Ọba kéde pé òun ti parí ìdánwò tòun ní odò màlúù kan. Èyí wù wá gidigidi, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ló wọ inú àjọ. Ohun tí ayẹranwò bá rí lára màlúù, àjọ náà ń rí i, odò ẹran náà ń rí i, wọ́n sì ní ìpele tó kàn ni kí àgbẹ̀ pẹ̀lú lè máa rí ti màlúù tirẹ̀. Ẹ rò ó wò. Àgbẹ̀ tó ta màlúù, tó gbọ́ pé kòkòrò wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sáré tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù sílé. Ìwé tó ń ṣọ́ àgbẹ̀ ló tún ń gbà á là. Ní Wyoming, ìpínlẹ̀ àwọn darandaran ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ BeefChain bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì etí kọ ìtàn màlúù láti oko tí wọ́n ti bí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ fọwọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Ilé-iṣẹ́ blockchain kankan kò rí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ gbà ṣáájú wọn.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Botswana la dọ̀bálẹ̀ fún. Kí ariwo blockchain tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n ti ń fún màlúù wọn ní nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Yúróòpù lè máa ra ẹran wọn. Ohun kan tó rí bí ìka ọwọ́ tó ki, tó le bíi tánganran, ni wọ́n ń gbé mì fún màlúù, ẹ̀rọ bíńtín tó gbé nọ́ńbà sì wà nínú rẹ̀. Yóò rọra jókòó sínú ikùn, kò sì ní jáde mọ́ títí wọn yóò fi pa màlúù náà. Etí ṣeé gé, awọ ṣeé fi irin gbígbóná sun, ṣùgbọ́n olè wo ni yóò tọwọ́ bọ ikùn màlúù lóru? Nígbà tó yá ni wọ́n yí i sí àmì etí. Ìpìlẹ̀ ilé nìyẹn. Bí ẹran kò bá ní orúkọ, kò sí ìwé tó lè sọ ìtàn rẹ̀, ìbáà ṣe ìwé tó gbówó lórí jù láyé.

Ibí la ti fẹ́ sọ òótọ́ kan, kí oríyìn má bàa di àpọ́njù. Ìwé tí kò ṣeé pa rẹ́ kì í ṣe ìwé tí kò ṣeé parọ́ sí. Bí àgbẹ̀ bá fún adìẹ lóògùn lóru, tó sì kọ ọ́ láàárọ̀ pé òun kò fún un, irọ́ náà yóò wọ inú ìwé, òǹtẹ̀ yóò wà lórí rẹ̀, gbogbo ará àjọ yóò sì ní ẹ̀dà irọ́ lọ́wọ́. Ní Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ kan gbìyànjú láti mú ọwọ́ ènìyàn kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2017 ni ZhongAn gbé ètò kan jáde tí wọ́n ti ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí yóò máa ka iye ìṣísẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé adìẹ tó rìn ni òun ń jẹ. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ta ló so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ adìẹ? Ọwọ́ ènìyàn náà ni. Irọ́ àárín ọ̀nà ni ẹ̀rọ lè dá dúró. Irọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló wà. Ìdí nìyẹn tí dókítà ẹran tó ń dé oko láìsọ tẹ́lẹ̀, àti àwọn onímọ̀ inú yàrá àyẹ̀wò bíi ti Ireland yẹn, kò fi lè fẹ̀yìn tì.

Síbẹ̀, irọ́ inú ìwé yìí ní ohun kan tí irọ́ ẹnu kò ní: orúkọ ẹni tó pa á wà lára rẹ̀, ọjọ́ tó pa á wà níbẹ̀, kò sì lè yíjú padà lọ́la pé òun kọ́. Ta ló mọ èyí, tó tún gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun? Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni, ẹni tó gbà pé bí iṣẹ́ òun bá bàjẹ́, kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn òun. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbé oríyìn wa fún ẹ̀rọ. Láti ọdún 1992 ni Carrefour ti ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣe àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe sin ẹran àti ohun tí wọn yóò fi bọ́ ọ, ọdún 26 kí blockchain tó kàn wọ́n. Ìwà ló ṣáájú, ẹ̀rọ kàn wá jẹ́rìí sí i ni.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 2023, àrùn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà, ìjọba Nàìjíríà sì kìlọ̀ pé kí a yẹra fún pọ̀nmọ́, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n rí àrùn náà nínú oko kan ní Ìpínlẹ̀ Niger. A kò bá ìjọba wí, àrùn kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìkìlọ̀ náà ṣe gba gbogbo ilẹ̀. Kò lè sọ pé kí a má jẹ pọ̀nmọ́ tó ti ibi báyìí wá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí pọ̀nmọ́ kankan ti wá. Ìyá tó ń ta èyí tó mọ́ jọ jìyà pẹ̀lú ẹni tó ń ta èyí tó léwu. Ibi tí ẹran kò bá ti ní onídùúró, gbogbo ẹlẹ́ran ló ń jọ pín ẹ̀sùn.

Inú wa dùn pé láti oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Ìmọ̀ràn wa fún wọn kò gùn: kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ olówó ńlá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Obìnrin tó ní adìẹ mẹ́jọ nínú agboolé tí gbogbo ilé ti ń sin adìẹ, àkísà pupa ló máa ń so mọ́ ìyẹ́ tirẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ yóò lo àwọ̀ búlúù, ẹlòmíràn yóò gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Adìẹ lè jẹ̀ dé ẹ̀yìn odi, bó bá dalẹ́, gbogbo ènìyàn mọ ti ta ni. Àgbẹ̀ Auvergne àti ìyá oní-adìẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu wọn jáde: "Èyí, tèmi ni."

Láti àkísà pupa sí àmì etí, láti àmì etí sí ìwé dókítà ẹran, láti ibẹ̀ sí fóònù, ọ̀nà náà kò jìn tó bí a ṣe rò. Máígídá mọ oníṣòwò tó kó màlúù wá. Oníṣòwò mọ ọjà tó ti rà á. Nínú ọjà yẹn, ẹnì kan mọ Fúlàní tó fà á wá láti inú agbo. Ìmọ̀ yìí wà nílẹ̀, inú orí ènìyàn ló ń gbé, ọjọ́ tí olórí bá sì sùn tí kò jí, ó ti bá a lọ. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹnì kan ṣoṣo kò ti lè pa á rẹ́ ló kù.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Auvergne, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin ará Carrefour tí ẹ kọ́kọ́ gbà kí oníbàárà wo ẹ̀yìn ilé, ẹ kú ìgboyà. Ẹ̀yin darandaran Botswana àti Wyoming, ẹ̀yin ayẹranwò tí ẹ ń tẹ́jú mọ́ ẹ̀dọ̀ àti fùkù láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin onímọ̀ Ireland tí ẹ bá ẹṣin nínú màlúù tí ẹ kò sì dákẹ́, a rí iṣẹ́ yín. Orúkọ tí ẹ fi dúró kò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ran tiwa náà, ẹ má bínú sí wa pé a béèrè. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníbàárà yóò wádìí ìdílé màlúù lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì ní wojú rẹ̀ bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé. Ẹ ó kàn nawọ́ sí àmì tó wà lára ẹran, ẹ ó ní, "Wádìí rẹ̀ dáadáa, ọmọ mi. Ọmọ ilé ire ni."